Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dípò odindi gbólóhùn: ẹ jẹ́ ká kó ọgbọ́n jọ fún àwọn tó ń múra JAMB àti Common Entrance

Akéwékọwọ́
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará ilé. Nínú Use of English, ìbéèrè kan wà tó máa ń da àwọn ọmọ láàmú gan-an: wọ́n á ṣàpèjúwe nǹkan ní gbólóhùn gígùn, wọ́n á ní kí ọmọ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dúró fún un. "A person who collects stamps", "a place where bees are kept", irú ìyẹn. Ní Common Entrance, orúkọ ọmọ ẹranko, orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ àti orúkọ ibi ló máa ń jẹ́. Ní WAEC àti JAMB, ó máa ń fara pamọ́ sínú gbólóhùn tí wọ́n fi àlàfo sí. Lísìtì ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn ọmọ ń kà á láti A dé Z, síbẹ̀ tó bá di ọjọ́ ìdánwò, ọ̀rọ̀ náà kì í wá sẹ́nu. Kí ló ń fà á, báwo la sì ṣe lè kọ́ ọ kó dúró? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀wọ́ fi àpẹẹrẹ tì í.

Tísà Gẹ̀ẹ́sì
Ẹ kú iṣẹ́ o, Akéwékọwọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ kọ́ ni ìdánwò gbà ń bi wọ́n, òun ló fà á. Lísìtì máa ń kọ ọ̀rọ̀ ṣáájú, ìtumọ̀ á tẹ̀ lé e. Ọmọ á rí philatelist, á ka ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń kó sítáǹpù jọ, á mi orí, á ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ìdánwò á wá yí i po: ìtumọ̀ ló máa gbé síwájú rẹ̀, á ní kó lọ wá ọ̀rọ̀ wá. Kéèyàn rí nǹkan kó dá a mọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí kó fà á yọ látinú orí ara rẹ̀. Ṣebí a máa ń pàdé ẹni tá a mọ ojú rẹ̀ dáadáa lọ́jà, tí orúkọ rẹ̀ ò sì ní wá sí wa lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ ṣe káàdì. Ẹ ra kádíbọ́ọ̀dù funfun, ẹ gé e sí ìwọ̀n ìwé A4, ẹ fi rúlà pín A4 kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ, kí ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e. Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò dáa, torí bírò máa ń hàn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ọmọ á ti bá ìdáhùn pàdé kó tó yí i padà. Iwájú káàdì, ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ìbéèrè ṣe máa ń kọ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ pín in sí sílébù (phi-lat-e-list), ẹ kọ ìtumọ̀ Yorùbá ní ìlà kan, kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ kan tó lè ṣi ọmọ lọ́nà sísàlẹ̀ pátápátá. Fún philatelist, numismatist ló máa wà nísàlẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń kó owó ẹyọ jọ, torí ó rọrùn fún ẹni tó ń ṣètò ìdánwò láti gbé àwọn méjèèjì sáàárín A sí D.

Ọmọ á ka iwájú, á sọ ọ̀rọ̀ náà sókè, á kọ ọ́ sínú ìwé, ìgbà náà ló tó máa yí káàdì. Tó bá ti kọ́kọ́ yí i wò, kò tíì ṣe nǹkan kan. Mẹ́wàá tuntun lójúmọ́ tó fún ọmọ SS3, márùn-ún tó fún ọmọ Primary 5 àti 6. Ẹ wá ẹ́ńfílọ́ọ̀pù mẹ́ta: ti àkọ́kọ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, ti kejì, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ti kẹta, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Káàdì tí ọmọ bá gbà bọ́ sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá ṣì, kódà kó jẹ́ lẹ́tà kan nínú sípẹ́lì, ó padà sínú ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ keje, kò sí ọ̀rọ̀ tuntun, àtúnyẹ̀wò nìkan.

Alágbẹ̀dẹ Ọ̀rọ̀
Mo fara mọ́ ohun tí Tísà sọ. Àmọ́ kí ọmọ tó máa há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó mọ bí wọ́n ṣe rọ wọ́n. Yorùbá náà ń rọ ọ̀rọ̀ kan dípò gbólóhùn, ó kàn ti mọ́ wa lára débi tá ò fi kíyè sí i mọ́ ni. Ẹni tó ń pa ẹja, apẹja. Ẹni tó gbójú lé ogún, agbójúlógún. Ẹni tó ní apá tí kò fi ṣiṣẹ́, alápámáṣiṣẹ́. Ẹni tó dúró lóde tó ń bá olè gba ẹrù, agbódegbà, òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní accomplice. Iwájú la máa ń fi àfòmọ́ tiwa sí. Gẹ̀ẹ́sì máa ń yá èèpo àti igi lọ́wọ́ Látìnì àti Gíríìkì, ìparí ọ̀rọ̀ ló sì máa ń fi iṣẹ́ tó ń jẹ́ hàn.

Ẹ mú -cide. Ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí "pa" ló ti wá. Ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ni wọ́n pa. Patricide, bàbá. Matricide, ìyá. Fratricide, arákùnrin ẹni. Regicide, ọba. Infanticide, ọmọ ọwọ́. Suicide, ara ẹni. Genocide, odindi ẹ̀yà. Ó dé oko pẹ̀lú: herbicide tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí koríko, insecticide fún kòkòrò, fungicide fún ebu. Mẹ́wàá nìyẹn, ìdí kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀.

-cracy ni ìjọba. Demo-, ará ìlú. Auto-, ara ẹni, ìyẹn ẹnì kan tó ń dá pàṣẹ. Pluto-, ọrọ̀, ìjọba àwọn olówó. Theo-, Ọlọ́run, ibi tí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn ti ń ṣèjọba lórúkọ Rẹ̀. Geronto-, àgbàlagbà. Klepto-, olè. Klepto- yìí kan náà ló wà nínú kleptomania, àìsàn ọkàn tó ń ti èèyàn láti jí ohun tí kò tilẹ̀ nílò.

-phobia ni ìbẹ̀rù. Agora ni àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ń pe gbàgede ọjà, nítorí náà agoraphobia ni ìbẹ̀rù gbangba àti ibi tí èrò pọ̀ sí. Claustrophobia ni òdìkejì rẹ̀, ìbẹ̀rù ibi tó há tí wọ́n tì pa. Acrophobia, ibi gíga. Hydrophobia, omi. Xenophobia, àjèjì, ó ṣòro kí ọmọ tó gbọ́ ìròyìn South Africa ní 2019 gbàgbé ìyẹn.

Ẹbí tó wúlò jù fún JAMB ni ti "that which cannot be". In- níwájú, -ble lẹ́yìn. Ohun tí etí ò lè gbọ́, inaudible. Ìkọ̀wé tí kò ṣeé kà, illegible. Ẹni tí a kò lè ṣẹ́gun, invincible. Ohun tí kò ṣeé pa rẹ́, indelible, bíi yíǹkì tí wọ́n ń fi sí wa ní ìka lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹni tí ìbáwí ò lè tún ṣe, incorrigible. Ìpinnu tí kò ṣeé yí padà, irrevocable. Àwọn ọmọ á máa béèrè ìdí tí in- fi ń di im-, il- àti ir-. Ẹ ní kí wọ́n gbọ́ ẹnu ara wọn. Bí a bá ní "ó ń bọ̀", ohun tó ń jáde lẹ́nu wa ni "ó ḿ bọ̀", torí ètè ti ń múra sílẹ̀ de b. Bẹ́ẹ̀ náà ni in- ṣe ń di im- níwájú p, b àti m: impossible, imbalance, immortal. Níwájú l, ó di il-. Níwájú r, ó di ir-. Ọmọ tó bá mọ èyí á mọ̀ pé l méjì ló tẹ̀ lé i àkọ́kọ́ nínú illegible, r méjì sì ló tẹ̀ lé e nínú irrevocable. Sípẹ́lì ti tún ara rẹ̀ ṣe nìyẹn.

Ìyá Adùkẹ́
Alágbẹ̀dẹ, ẹ kú àlàyé, ó wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ mẹ́ta tì í.

Èkíní, in- kì í ṣe "àì" nígbà gbogbo. Ẹ wo ẹ̀yìn táńkà epo, ẹ ó rí "Highly Inflammable" gàdàgbà níbẹ̀. Tí in- ibẹ̀ bá jẹ́ "àì", á jẹ́ pé epo yẹn kò lè jó nìyẹn! Inflame, gbiná, ni ìdí rẹ̀. Inflammable àti flammable, ìtumọ̀ kan náà ni. Èyí tí kò lè jó ni non-flammable. Bákan náà, invaluable kì í ṣe ohun tí kò níye lórí. Ohun tó níye lórí débi tí a kò lè dá owó lé e ni. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì ní káàdì tiwọn, kí ẹ fi bírò pupa kọ wọ́n.

Èkejì, patricide àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè dúró fún ìwà, wọ́n sì lè dúró fún ẹni tó hù ú. "The act of killing one's father" àti "one who kills his father", méjèèjì lè jẹ́ patricide. Ọmọ tí kò mọ̀ á rí ìdáhùn tó tọ́, á fò ó kọjá torí pé kò parí sí -er tàbí -ist.

Ẹ̀kẹta ló ń pa àwọn ọmọ lára jù. Ẹ má kó àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra létí pọ̀ kọ́ lọ́jọ́ kan náà. Misogynist, ẹni tó kórìíra obìnrin. Misogamist, ẹni tó kórìíra ìgbéyàwó. Misanthrope, ẹni tó kórìíra ọmọ aráyé. Bí ọmọ bá kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà tó bá fi di ọjọ́bọ̀, wọ́n á ti lọ́ mọ́ra wọn bí òwú. Ẹ kọ́ misogynist nìkan kó jinlẹ̀, kó dé ẹ́ńfílọ́ọ̀pù kẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ mú misogamist wá, kí ẹ fi gamy inú bigamy àti polygamy hàn án, ìgbéyàwó ni. Anthrop- inú anthropology àti philanthropist, èèyàn ni. Ti -cide kò léwu tó bẹ́ẹ̀, torí patri- àti regi- kò jọra rárá. Ìparí kan náà kò burú, ìró tó jọra níwájú ló burú.

Dàpọ̀ SS3
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, aviary àti apiary ń dà mí lójú rú. Bẹ́ẹ̀ náà ni entomology àti etymology, àti biannual pẹ̀lú biennial. Kí ni mo lè rọ̀ mọ́?

Tísà Gẹ̀ẹ́sì
Dàpọ̀, o ṣé tó o béèrè. Aviary, wá aviation nínú rẹ̀. Ohun tó ń fò ni, ilé ẹyẹ. Látìnì ń pe ẹyẹ ní avis, ó ń pe oyin ní apis, nítorí náà apiary ni ọgbà oyin. Tún ẹnu rẹ ṣe sí v náà. Yorùbá kò ní v, a máa ń sọ ọ́ di f, ọmọ á sì kọ "afiary" sílẹ̀. Fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀, kó o jẹ́ kí ohùn jáde.

Entomology ní n bí insect ṣe ní n, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ni. Etymology kò ní n rárá, ẹ̀kọ́ nípa orírun ọ̀rọ̀ ni. Biannual, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Biennial, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì. Wo -enn- inú biennial, òun ló wà nínú centennial àti millennium, iye ọdún tó ń kọjá ló ń kà.

Níwọ̀n bó o ti dé ọ̀rọ̀ ọdún, kọ́ ìwọ̀nyí mọ́ ọn: fortnight, ọ̀sẹ̀ méjì, decade, ọdún 10, silver jubilee, 25, golden, 50, diamond, 60, centenary, 100, bicentenary, 200. Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, nítorí náà 2010 ni golden rẹ̀, 2020 sì ni diamond. Ní 1914 ni wọ́n so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá, 2014 wá jẹ́ centenary. Tó o bá fi ìyẹn dì í mú, kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ mọ́.

Aṣàtúnkọ
Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí èdè wa ti ń ṣi wá lọ́nà kún un. Yorùbá kì í sábà ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo nínú orúkọ ẹbí. Gẹ̀ẹ́sì ń yà á. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, widow. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, widower, àwa ń pè é ní opó náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni, tó bá jẹ́ ọkùnrin, nephew. Tó bá jẹ́ obìnrin, niece. Àfẹ́sọ́nà ọkùnrin, fiancé, e kan. Ti obìnrin, fiancée, e méjì. Ọmọ ìyá ẹni, akọ tàbí abo, sibling. Àpọ́n ọkùnrin ni bachelor, obìnrin tí kò tíì lọ́kọ ni spinster, ẹ ó rí méjèèjì lórí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù níbí.

Ọ̀rọ̀ ikú náà máa ń da àwọn ọmọ rú. Obituary ni ìkéde ikú, ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri àdúgbò tí wọ́n sì ń gbé sínú ìwé ìròyìn. Epitaph ni ohun tí wọ́n kọ sára sàréè. Eulogy ni ọ̀rọ̀ ìyìn, elegy ni ewì arò. Epilogue ò sí lára wọn rárá, ìparí ìwé tàbí eré ni, àmọ́ ó jọ epitaph, òun ni wọ́n ṣe ń fi dẹ pàkúté. Posthumous ni ohun tó jáde tàbí tí wọ́n fúnni lẹ́yìn ikú ẹni.

Ti ojú náà ńkọ́? Ophthalmologist ni dókítà tó ń tọ́jú àrùn ojú, tó sì lè ṣiṣẹ́ abẹ. Optometrist ló ń yẹ ojú wò bóyá ó ń ríran dáadáa. Optician ló ń ṣe gíláàsì, tó sì ń tà á. Nínú ophthalmologist, ẹ kíyè sí ph tí th tẹ̀ lé. Àwọn ọmọ máa ń gbàgbé h àkọ́kọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré
Ẹ kú ọpọlọ pípé. Ẹ ṣọ́ra fún lísìtì tí ẹ ń gbà sílẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti YouTube, àwọn ará Íńdíà ló ṣe é fún ìdánwò iṣẹ́ ìjọba wọn tí Staff Selection Commission ń ṣe. Lọ́dọ̀ wọn, one-word substitution ní ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dáa, àmọ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fi tì í kò bá tiwa mu. Nínú ìpele àkọ́kọ́ ìdánwò CGL (Combined Graduate Level) wọn, ìdáhùn tó tọ́ gba máàkì 2, èyí tó ṣì á sì já 0.50 dànù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní "fi èyí tí o kò mọ̀ sílẹ̀". JAMB kì í yọ máàkì fún àṣìṣe. Ọmọ tó bá fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn ti sọ àǹfààní nù lásán.

Ẹ tún ro ti àkókò. UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, ní ìbéèrè 180 fún wákàtí 2, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ Use of English. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan dípò gbólóhùn kò yẹ kó gbà ju 15 lọ, kí ìyókù lè kù fún àyọkà gígùn. Bí ọmọ bá ń ṣe káàdì nílé, ẹ máa fi aago wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó ń lò.

Tí ọ̀rọ̀ náà kò bá wá, ẹ jẹ́ kó fi gírámà lé àwọn tí kò bá a mu jáde. Ẹ wo èyí: "The old man gave most of his wealth to the poor, he was a well-known ____." A, philanthropy. B, philanthropist. C, misanthrope. D, philatelist. Lẹ́yìn "a well-known", lẹ́yìn "he was", èèyàn ni wọ́n ń wá. Philanthropy jẹ́ orúkọ ìwà, ó ti jáde. Mis- jẹ́ ìkórìíra, C ti jáde. B àti D ló kù, ìyẹn sàn ju mẹ́rin lọ kódà fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa sítáǹpù. "The study of", ẹ wá -logy. "Fear of", ẹ wá -phobia. "One who", ẹ wá -ist, -er, -or tàbí -ian, kí ẹ má sì gbàgbé ohun tí Ìyá Adùkẹ́ sọ nípa -cide.

Màmá Tèmídire
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin olùkọ́. Ọmọ Primary 6 tó ń lọ Common Entrance ńkọ́? Ṣé òun náà nílò Gíríìkì àti Látìnì yìí?

Ìyá Adùkẹ́
Rárá o, Màmá Tèmídire. Fún irú wọn, ohun tí ojú ń rí ni. Yàtọ̀ sí òròmọdìyẹ àti ẹgbọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú ẹranko, "ọmọ" lásán la máa ń fi síwájú orúkọ wọn, ọmọ ewúrẹ́, ọmọ ajá. Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: kid fún ewúrẹ́, lamb fún àgùntàn, calf fún màlúù, foal fún ẹṣin, puppy fún ajá, cub fún kìnnìún, tadpole fún ọ̀pọ̀lọ́. Kí ọmọ ya àwòrán ẹranko náà síwájú káàdì, ó sàn ju ìtumọ̀ gígùn lọ.

Ti ibi náà, ẹ mú un láti àdúgbò: abattoir ni odò ẹran, b kan, t méjì. Mortuary ni ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, cemetery ni itẹ́ òkú, e mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kò sí a. Orchard ni ọgbà igi eléso. Granary ni àká. Kennel fún ajá, sty fún ẹlẹ́dẹ̀, stable fún ẹṣin. Ti ọ̀wọ́: swarm of bees, shoal of fish, flock of sheep, herd of cattle, fleet of ships. Ọ̀rọ̀ kan lè bá ẹranko méjì lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kó máa kọ́ wọn ní méjì-méjì, swarm pẹ̀lú bees, kì í ṣe swarm nìkan.

Akéwékọwọ́
Mo ti ń gé kádíbọ́ọ̀dù. Ìbéèrè kan ló kù: ilé ọkọ̀ òfuurufú, ṣé hanger ni àbí hangar? Lísìtì méjì tó wà lọ́wọ́ mi kò fẹnu kò.

Tísà Gẹ̀ẹ́sì
Hangar, a ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí airplane ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a. Hanger ni ohun tí ẹ fi ń kọ́ aṣọ. Lísìtì tó kọ hanger sí ilé ọkọ̀ òfuurufú, ẹ fi díṣọ́nnárì yẹ gbogbo ìyókù rẹ̀ wò kí ẹ tó kọ ọ́ sórí káàdì.